Yídì Wa Kì í Ṣe Ààtàn

  

Bí ènìyàn bá pe "páàkì" létí wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ níbí, gáréèjì ni ọkàn wa máa ń lọ: Owódé l'Ọ́yọ̀ọ́ tàbí Tàkíé l'Ógbòmọ̀ṣọ́, níbi tí wọ́n ti ń pe èrò Ìbàdàn àti èrò Ìlọrin. Páàkì kejì tí a mọ̀ ni igbó ẹranko Ọ̀yọ́ Ilé tí ìjọba àpapọ̀ sọ di National Park ní ọdún 1991, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ìlú Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n gbàgede tí bàbá, ìyá àti ọmọ lè jókòó sí lábẹ́ igi, tí ọmọdé lè ti gbá bọ́ọ̀lù láìsí ọkọ̀ tí yóò gbá a, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní gbowó ìwọlé lọ́wọ́ wọn, mélòó la ní nínú ìlú wa? Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, ẹyọ kan ṣoṣo ni: Yídì. Ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún la ń kírun níbẹ̀. Gbogbo ọjọ́ yòókù, àwọn ọmọ wa ló ni ín.

Nítorí náà, tí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí fífi ara ẹni sílẹ̀ láti tún páàkì ìlú ṣe, láti ṣa ìdọ̀tí ilẹ̀ rẹ̀ àti láti fọ ìkọkúkọ ara ògiri rẹ̀, ọ̀rọ̀ Yídì là ń sọ.

Ohun tí ojú wa rí

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé Iléyá ọdún tó kọjá, àwa bí ogún, ọmọdé àti àgbà, gbé ìgbálẹ̀, ṣọ́bìrì, àdá àti bárò, a forí lé Yídì kan ládùúgbò wa. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ohun tí a rí níbẹ̀ wà ní ọ̀pọ̀ Yídì mìíràn, kò sì yẹ kí a torí ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo wa dójú ti àdúgbò kan.

Ọ̀rá píọ́wọ́tà ti bo ilẹ̀ láti ìdí igi kan dé ìdí igi kejì. Páálí àti ìwé ìròyìn tí àwọn èèyàn tẹ́ kírun wà níbẹ̀. Igò ẹlẹ́rìndòdò, páńpásì ọmọ, agolo wàrà àti taya ògbólógbòó tí omi òjò kún inú rẹ̀ wà níbẹ̀. Nígbà tí a dé ẹ̀yìn odi tí Lèmọ́mù máa ń kọjú sí, ìgbẹ́ ènìyàn la bá, kì í sì í ṣe ti ẹnì kan tàbí ẹni méjì.

Bí ó ti máa ń rí, ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹnì kan ní àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí ló ń ṣe é. Òmíràn ní àwọn ọmọ ìta ni. Ibi tí a ti ń sọ ọ́ ni ìyá àgbà kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí Yídì ti jáde sí wa. Ó kí wa kú iṣẹ́, ó wá ní:

"Ẹ̀yin ọmọ mi, Ọlọ́hun á san yín lẹ́san rere. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ o. Àwa tí a wà ládùúgbò, lóòótọ́ là ń da ìdọ̀tí síbẹ̀, torí pé kò síbi tí a fẹ́ dà á sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ máa ń wá lọ́jọ́ ọdún, ṣé ẹ máa ń kó tiyín lọ ni?"

Kò sí ẹni tó fèsì. Ta ló mu omi inú ọ̀rá wọ̀nyẹn? Ta ló tẹ́ páálí wọ̀nyẹn? Ọjọ́ mélòó kan péré ni ọdún ṣì fi kọjá.

Ti ògiri ló wá dùn wá jù. Wọ́n ti fi èédú kọ ọ̀rọ̀ rírùn sí i, wọ́n ti fi ọ̀dà kọ orúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àti orúkọ ọ̀rẹ́bìnrin sí i. Pósítà olóṣèlú tí ìbò rẹ̀ ti kọjá tipẹ́ ṣì wà lára rẹ̀, ti olóògùn jẹ̀díjẹ̀dí náà wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń fi omi rẹ ẹ́, wọ́n ń fi ọbẹ họ ọ́. Bí wọ́n ti ń ṣí ọ̀kan kúrò ni òmíràn ń yọjú lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú wọn dáwọ́ dúró, ó sì pe àwa àgbà láti wá wò ó. Pósítà wáàsí ni. Tiwa ni. Orúkọ ẹgbẹ́ wa wà lórí rẹ̀, àwòrán oníwáàsí wà lórí rẹ̀, orúkọ Ọlọ́hun sì wà lókè rẹ̀ ní èdè Lárúbáwá. Ìdajì rẹ̀ ti já bọ́ sínú ẹrẹ̀, ewúrẹ́ sì ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ohun tí a rí kọ́ lọ́jọ́ náà ni a fẹ́ sọ fún yín. Ìdọ̀tí Yídì wa, tiwa ni kí ó tó jẹ́ ti ẹlòmíràn. Kíkó o jẹ́ ẹ̀tọ́ tó wà lọ́rùn wa, kì í ṣe oore tí a ń ṣe fún ìjọba.

Ohun tí ẹ̀sìn wa ti sọ

Kò sí Mùsùlùmí tí kò mọ̀ pé ẹ̀sìn wa ka ìmọ́tótó sí ìdajì ìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ti há a mọ́ inú kẹ́tùlù àlùwàlá. A ó fọ ẹsẹ̀ mọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, a ó sì fi ẹsẹ̀ mímọ́ náà gba orí ààtàn kọjá lọ sí mọ́sálásí. Bẹ́ẹ̀, nínú hádíìsì tó fẹsẹ̀ rinlẹ̀, Ànábì wa ṣàlàyé pé ẹ̀ka ìgbàgbọ́ lé ní àádọ́rin, pé èyí tó kéré jù nínú wọn ni kí ènìyàn mú ohun tó lè ṣe ọmọnìkejì ní jàm̀bá kúrò lójú ọ̀nà. Ó ròyìn ọkùnrin kan tó rí ẹ̀ka igi ẹlẹ́gùn-ún lójú ọ̀nà tó sì gbé e kúrò; nítorí èyí ni Ọlọ́hun fi forí jì í. Ẹ̀ka ẹ̀gún ẹyọ kan o. Ti àfọ́kù ìgò tó wà níbi tí ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù ńkọ́?

Ó tún kìlọ̀ fún wa nípa ìwà méjì tó ń fa ègún: kí ènìyàn ṣe ìgbẹ́ sójú ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń gbà, àti sí abẹ́ ibòòji tí wọ́n ń sinmi sí. Tí ẹ bá wo Yídì wa dáadáa, ọ̀nà ni, ibòòji ni, ibi ìrun sì tún ni.

Àwọn kan nínú wa tún ń rò pé kíkó ìdọ̀tí kò bá ipò wọn mu. Àlàájì ni wọ́n, olóyè ni wọ́n nínú ìjọ, ẹnì kan ni yóò máa bá wọn gbálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé nígbà tí Ànábì wa rí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lára ògiri mọ́sálásí níhà ibi tí a ń kọjú sí kírun, inú rẹ̀ kò dùn rárá, òun fúnra rẹ̀ ló dìde tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ họ ọ́ kúrò. Kò ránṣẹ́ pe ẹrú, kò sì sọ pé kí a dúró de ẹni tó ṣe é. Tí ẹni tó lọ́lá jù nínú ẹ̀dá bá fọwọ́ ara rẹ̀ họ ògiri, ta ni àwa tí ògiri Yídì yóò jẹ́ ẹ̀gàn fún?

Obìnrin kan sì wà tó máa ń gbá mọ́sálásí Ànábì. Nígbà tó kú, àwọn sàhábà sin ín lóru láìsọ fún Ànábì, nítorí wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Nígbà tí Ànábì kò rí i mọ́, ó béèrè rẹ̀. Inú rẹ̀ kò dùn pé wọn kò sọ fún òun, ó ní kí wọ́n fi sàréè rẹ̀ han òun, ó sì kírun sí i lára níbẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa alásáláátù tí ẹ ń gbá mọ́sálásí ní ìdájí Jímọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kí yín, ẹ má kà á sí iṣẹ́ kékeré.

Àwọn áfáà wa tún ti kọ́ wa ní ohun tí wọ́n ń pè ní farḍu kifāyah, ìyẹn ọ̀ranyàn tó wà lọ́rùn gbogbo ìjọ: tí àwọn kan bá ṣe é, ó bọ́ lọ́rùn gbogbo wa, tí kò bá sí ẹni tó ṣe é, gbogbo wa la jọ máa dáhùn fún un. Bí wíwẹ òkú àti kíkírun sí i lára ti rí nìyẹn. Lójú tiwa, ìmọ́tótó Yídì àti ibi ìṣeré àwọn ọmọ wa súnmọ́ irú ọ̀ranyàn bẹ́ẹ̀. Ogún ènìyàn lè ṣe é fún ẹgbẹ̀rún, ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún ènìyàn kò lè máa wo ara wọn lójú.

Ohun tí ìdọ̀tí ń ṣe fún ara

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ ìlera, torí òun ni ojúewé yìí wà fún. Ìdọ̀tí kì í jókòó lásán, iṣẹ́ ló ń ṣe.

Ẹ̀fọn tó ń fa ibà fẹ́ràn omi adágún inú kòtò àti ojú gọ́tà tó ti dí. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà apọ́njú fẹ́ràn omi inú taya àti agolo. Taya kan lẹ́yìn Yídì tó láti pa tanwíjí tí yóò di ẹ̀fọn fún gbogbo àdúgbò. Ẹ má gbàgbé pé nínú gbogbo àwọn tí ibà ń ṣe lágbáyé, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ ti Nàìjíríà nìkan, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì ń pa jù.

Ìgbẹ́ tí a ṣe sí gbangba, òjò ni yóò wọ́ ọ lọ sínú kànga àti odò, eṣinṣin ni yóò gbé e lọ sórí oúnjẹ. Báyìí ni àrùn onígbáméjì ṣe ń rìn. Ní ọdún 2021, àrùn yìí pa ènìyàn tó lé ní 3,000 ní Nàìjíríà. Irú aràn kan tún wà tó máa ń fara pamọ́ sínú ilẹ̀ tí a bá ṣe ìgbẹ́ sí. Àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń gbà wọ ara, inú ìfun ló ń lọ dì mọ́, yóò sì máa fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ mu díẹ̀díẹ̀ títí ojú ọmọ yóò fi funfun, tí kò ní lè kàwé. Ẹ rò ó wò: ilẹ̀ tí àwọn ọmọ wa ń fi ẹsẹ̀ lásán sáré lórí rẹ̀ náà ni ilẹ̀ tí àwa ń fi iwájú orí kàn lọ́jọ́ ọdún.

Àjẹkù oúnjẹ àti pàǹtí ń pe eku. Eku kan wà tó ń gbé ibà Lassa, àrùn tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ọdún 1969 ní ìlú Lassa ní Bọ̀rọ̀nú, tó sì ń ṣọṣẹ́ ní ilẹ̀ wa lọ́dọọdún títí di òní. Ìṣó àti agolo tó ti dógùn-ún lè gún ọmọ lẹ́sẹ̀ kí ó sì fa tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ọ̀rá sì ń pa ẹran: ewúrẹ́ àti àgùntàn tó bá gbé e mì, yóò dì í nínú, yóò máa rù títí yóò fi kú. Àgbò tí a ń tọ́jú de Iléyá lè ti ara ìdọ̀tí Iléyá tó kọjá kú.

Ọ̀rọ̀ omíyalé ńkọ́? Ìbàdàn kò jìnnà sí wa. Odò Ògùnpa ya wọ ìlú ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló bá a lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, ó tún ṣẹlẹ̀, ó sì tún gbé ẹ̀mí tó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ. Òjò ńlá ló rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tí a dà sójú odò àti sínú gọ́tà wà lára ohun tó dí omi lọ́nà.

Ìbẹ̀rù ṣọ́jà kò tó

Àwọn àgbà wa rántí wolé-wolé. Wọ́n á wọlé láàárọ̀ kùtùkùtù, wọ́n á ṣí àmù, wọ́n á wo ìdí ìkòkò. Ilé tí wọ́n bá ti bá tanwíjí, baálé ibẹ̀ dáràn. Láyé ìjọba ológun Muhammadu Buhari àti Túndé Ìdíàgbọn, láàárín 1984 sí 1985, ọjọ́ ìmọ́tótó àyíká di Sátidé tó kẹ́yìn oṣù. Kò sí ẹni tó jẹ́ jáde sí títì láàárọ̀, gbogbo ìlú ló ń gbálẹ̀. Ìlú mọ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n pàṣán ni ọ̀pọ̀ ń sá fún. Nígbà tí ṣọ́jà padà sí bárékè, ìgbálẹ̀ padà sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ní ọdún 2016, ìjọba Èkó fagi lé sísé àwọn ènìyàn mọ́lé lọ́jọ́ ìmọ́tótó, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ ti sọ pé kò bófin mu. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, Ààrẹ Buhari kan náà, lẹ́yìn tó ti di Ààrẹ alágbádá, fọwọ́ sí àṣẹ pé kí ìgbẹ́ ṣíṣe ní gbangba dópin ní Nàìjíríà nígbà tó bá fi máa di ọdún 2025. Àṣẹ wà lórí ìwé. Ìgbẹ́ wà lẹ́yìn Yídì.

A kò sọ pé òfin kò dára. Ohun tí a ń sọ ni pé iṣẹ́ tí a ṣe nítorí ènìyàn máa ń tán nígbà tí ènìyàn bá kúrò níbẹ̀, èyí tí a ṣe nítorí Ọlọ́hun ni kì í tán, torí Ọlọ́hun kì í kúrò níbẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa gbé iṣẹ́ yìí ka orí àníyàn, kí ó má dúró de pàṣán.

"Iṣẹ́ ìjọba ni"

Èsì tí a máa ń gbọ́ jù nìyí. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ ló yẹ kó pèsè ibi ìdalẹ̀sí àti ọkọ̀ akólẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ọ̀bùn tó ríkú ọkọ tìrọ̀ mọ́, tó ní láti ọjọ́ tí ọkọ òun ti kú ni òun kò ti wẹ̀. Ṣé ìjọba ló ju ọ̀rá píọ́wọ́tà sílẹ̀? Ṣé ìjọba ló lẹ pósítà wáàsí?

Ní Amẹ́ríkà, ìjọba àpapọ̀ ti ilẹ̀kùn fún ọjọ́ 35, láti òpin ọdún 2018 wọ oṣù kìíní ọdún 2019, nítorí pé Ààrẹ àti àwọn aṣòfin kò fẹnu kò lórí ìnáwó. Àwọn tó ń tọ́jú páàkì orílẹ̀-èdè náà kò sí lẹ́nu iṣẹ́, ìdọ̀tí kún inú agbọ̀n, ó ṣàn sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ní ibẹ̀ kó àpò àti ìbọ̀wọ́, wọ́n lọ ṣa ìdọ̀tí ní àwọn páàkì bíi Everglades ní Florida àti Joshua Tree ní California. Tí ẹnì kan bá lè sọ pé iṣẹ́ ìjọba ni, àwọn ni, ìjọba wọn ti sọ ọ́ gbangba pé òun kò sí nílé. Àwọn èèyàn tí kì í gbọ́ ohun rere nípa Mùsùlùmí rí wọn níbẹ̀. Wáàsí tí kò nílò pósítà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀mí ìfarajìn nìkan kò tó, ètò gbọ́dọ̀ bá a rìn. Ibi tí àwa ti kùnà nìyí. Sátidé àkọ́kọ́ yẹn, a gbálẹ̀ títí Yídì fi mọ́ lóló. Nígbà tó wá ku ibi tí a fẹ́ kó ìdọ̀tí sí, kò sí ẹni tó ti ronú kàn án. Agara ti dá wa, oòrùn ti mú. A sun díẹ̀ nínú rẹ̀, èéfín ọ̀rá sì dá ọmọ kan tó ní ikọ́ fée nílé kejì dúbúlẹ̀. A ti ìyókù sí etí gọ́tà. Òjò rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó kó gbogbo rẹ̀ padà wá, ó sì kó díẹ̀ wọ ojúlé àwọn aládùúgbò. A lọ bẹ̀ wọ́n. Bí a bá gbálẹ̀ tán, ààtàn là ń kó o sí. Àwa gbálẹ̀, a kó o sí ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn.

Ó yàtọ̀ sí ohun tí àwọn ará Estonia ṣe ní Yúróòpù ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ọdún 2008. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta ènìyàn jáde láti kó nǹkan bí 10,000 tọ́ọ̀nù ìdọ̀tí ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Kí ọjọ́ náà tó pé, wọ́n ti kọ ibi tí ìdọ̀tí wà sílẹ̀, wọ́n sì ti ṣètò ọkọ̀ tí yóò kó o àti ibi tí yóò kó o lọ. Láti ara ohun tí wọ́n ṣe ni àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé fi wá ya ogúnjọ́ oṣù kẹsàn-án sọ́tọ̀ fún ìmọ́tótó káàkiri ayé.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún

Nígbà tí a máa padà lọ, a kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Lèmọ́mù àti baálé àdúgbò. A lọ béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ibi tí wọ́n fọwọ́ sí pé kí a da ilẹ̀ sí. A dáwó fún ọlọ́mọlanke tí yóò máa kó o lọ. A gbé àgbá mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ Yídì fún ìdọ̀tí. Ìyá àgbà tó bá wa wí lọ́jọ́sí ló gbà láti máa mójú tó wọn. Wọ́n jí ọ̀kan gbé nínú wọn, a tún ra òmíràn. Ẹ̀yìn odi kò tíì mọ́ tán, a kò ní parọ́ fún yín, torí ọ̀pọ̀ ilé tó yí Yídì ká kò ní ṣáláńgá. Ìyẹn ló kù tí a ń bá àwọn onílé sọ.

Ohun márùn-ún la fẹ́ kí ìdílé Mùsùlùmí kọ̀ọ̀kan bá wa ṣe.

Èkíní, lọ́jọ́ ọdún, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú àpò kan dání lọ sí Yídì, kí wọ́n sì gbé ìdọ̀tí wọn padà sílé. Kí Lèmọ́mù rán ìjọ létí kí wọ́n tó túká.

Èkejì, kí ẹ fún wa ní Sátidé kan lóṣù, wákàtí méjì péré, láti aago méje sí mẹ́sàn-án àárọ̀. Kí bàbá mú ọmọ rẹ̀ wá. Ọmọ tó bá ti ṣa ọ̀rá lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ yóò wúwo kí ó tó ju ọ̀rá mìíràn sílẹ̀. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò jẹ́ gbàgbé.

Ẹ̀kẹta, kí ẹ dáàbò bo ara yín nídìí iṣẹ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà tó bo ẹsẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kan abẹ́rẹ́, àfọ́kù ìgò tàbí ìgbẹ́, àgbàlagbà ni kó fi ṣọ́bìrì kó o. Ibi tí ìgbẹ́ eku bá wà, ẹ fi omi tí ẹ da Jik sí wọ́n ọn kí ẹ tó gbá a, kí eruku rẹ̀ má bàa wọ imú yín. Ẹ má po Jik mọ́ oògùn ìfọlé mìíràn, torí òórùn rẹ̀ lè dí ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ da omi inú taya àti agolo nù. Ẹ má sun ọ̀rá. Tí ẹ bá parí, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dáadáa.

Ẹ̀kẹrin ni ti ògiri. Pósítà, ẹ fi omi rẹ ẹ́ kí ẹ tó họ ọ́. Ìkọkúkọ èédú, omi ọṣẹ àti kànìnkànìn tó fún un. Èyí tí wọ́n fi ọ̀dà kọ, àfi kí a tún ògiri kùn, owó ọ̀dà náà kò sì tó owó aṣọ ẹgbẹ́ ènìyàn méjì. Ìwé tí orúkọ Ọlọ́hun bá wà lára rẹ̀, ẹ má dà á mọ́ ìdọ̀tí. Àwọn onímímọ̀ ní kí a rì í mọ́ ilẹ̀ tó mọ́, tàbí kí a jó o, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti jó àwọn àdàkọ Àlùkùránì tí wọn kò lò mọ́ nígbà ayé Sàídì Usmanu.

Ìkarùn-ún ló sì le jù, torí àwa fúnra wa ló kàn. A ń rọ gbogbo ẹgbẹ́, ìjọ àti oníwáàsí ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ pé kí ẹ dẹ́kun lílẹ pósítà mọ́ ògiri ìlú. Ẹ kéde lórí rédíò, ẹ kéde ní mọ́sálásí, ẹ gbé pátákó sí ibi tí wọ́n gbà yín láyè, kí ẹ sì gbé e kúrò tí wáàsí bá ti parí. Ẹgbẹ́ tiwa ti bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá rí pósítà wa lára ògiri kankan láti òní lọ, ẹ pè wá kí a wá họ ọ́. A kò ní bínú.

Ní Iléyá tó ń bọ̀, a ó tún tò lẹ́sẹẹsẹ lórí ilẹ̀ yẹn, a ó sì fi iwájú orí kàn án. Ilẹ̀ náà yóò jẹ́rìí sí ohun tí a ṣe lórí rẹ̀, yálà ìrun ni tàbí ìdọ̀tí. Kí Ọlọ́hun fi ìmọ́tótó ara, ti ọkàn àti ti àyíká kẹ́ wa, kí ó dáàbò bo àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ àrùn, kí ó sì gba iṣẹ́ ọwọ́ wa ní iṣẹ́ rere. Àmín.

Ẹ pàdé wa ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, aago méje àárọ̀. Ẹ mú ìgbálẹ̀ dání.